*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: IGI KỌ̀Ọ̀KAN NÍ ÀSÌKÒ TIRẸ̀*

 

*Ẹ ka:* Sáàmù 1:1-3

Òní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ ọjà Aswani. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń tú ẹrù aṣọ sílẹ̀ báyìí. Kó tó di ọ̀sán, ẹnì kan á ti tà tán. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè má tíì rí oníbàárà kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni ọkàn ti máa ń béèrè pé, "Ṣé Ọlọ́run gbàgbé mi ni?" Bí ẹ ò bá tilẹ̀ tajà, ẹ mọ ibi tí tiyín ti ń falẹ̀.

Ẹ wo àwọn igi. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, àràbà á wọ́wé, á dúró gbáàrá. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní ó ti kú. Àsìkò yẹn gan-an ni àgbálùmọ̀ ń pọ́n! Tí òjò bá wá dé, àgbálùmọ̀ á kásẹ̀ nílẹ̀, máńgòrò á gba ìgboro. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, àsìkò ò papọ̀.

Ìwà wọn náà yàtọ̀. Àràbà tóbi, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ fúyẹ́. Káfíńtà tó fẹ́ ilẹ̀kùn tí ikán ò ní tètè jẹ, ìrókò ló ń wá, ìrókò kì í sì í tètè dàgbà. Ewé dóńgóyárò korò, síbẹ̀ abẹ́ rẹ̀ la ti ń sá fún oòrùn. Ọ̀pẹ ò ní ẹ̀ka, àmọ́ epo, àdí, ẹmu àti ìgbálẹ̀, ara rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń wá.

Sáàmù yẹn ò sọ pé igi náà ń so lójoojúmọ́. Ní àsìkò rẹ̀ ni. Ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ ni pé ó dúró sí etí omi. Ará mi, ọjà tí ò yá kọ́ ni ewu. Ewu ni ká torí ẹ̀ fa gbòǹgbò tu: ká purọ́ fún oníbàárà, ká máa bínú ẹni tó tà, ká pa àdúrà tì. Igi tó wọ́wé á tún rúwé. Èyí tí wọ́n fà tu ńkọ́?

*Iṣẹ́ òní:* Ẹni tó bá kọ́kọ́ tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ bá a yọ̀ tọkàntọkàn.

*Àdúrà:* Olúwa, má jẹ́ kí n fi àsìkò ẹlòmíì díwọ̀n tèmi. Mú gbòǹgbò mi dúró nínú Rẹ títí èso mi yóò fi pọ́n. Lórúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ kú ọjà o. A ò ní tà á ládànù.