Ká Ṣàdéhùn Ká Tó Lọ sí Àjàṣẹ́

Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ẹni tí ó bá ṣì ní ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ wọ yúnífọ́ọ̀mù, kó dúpẹ́, kó má sì fi ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ba ọ̀rẹ́ náà jẹ́. Bí irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ní ká kúrò l'Ékòó, ká lọ fi òpin ọ̀sẹ̀ gbafẹ́ ní Àjàṣẹ́, olú ìlú Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ká rántí pé ẹni tí a jọ ń ká máńgòrò olóko lọ́jọ́sí kọ́ la fẹ́ bá sùn yàrá kan. Ó ti ń hanrun, ó ti ní oúnjẹ tí kì í jẹ mọ́. Ìmọ̀ra àtijọ́ kò lè dípò àdéhùn.

Ọ̀rọ̀ owó ló ṣáájú. Àjọjẹ ò dùn bí ẹnì kan ò bá ní. Kí kálukú dá iye kan náà, ká ṣẹ́ ẹ sí sẹ́fà, kó wà nínú àpò kan, kí ẹnì kan máa ná an: owó ọkọ̀, owó ibùsùn, oúnjẹ, títí dórí omi. Ankárá tí ẹnì kan bá fẹ́ rà fún ìyàwó rẹ̀, àpò ara rẹ̀ ni kó ti mú un. A kò nílò físà, nítorí ECOWAS fún wa ní 90 ọjọ́, àmọ́ kí ìwé ìrìnnà àti yẹ́lò káàdì má ṣe jìnnà sọ́wọ́.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ àti àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lọ́nà Àgbádárìgì lè jẹ ìdajì ọjọ́ Ẹtì. Kí Sátidé jẹ́ ti Àjàṣẹ́ nìkan, kí Kútọnu àti Wídà di ìgbà mìíràn. Mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́ tó wò: àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil darí wálé àti ọmọ wọn, ló kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20. Ilé gogoro méjì ló wà níwájú rẹ̀, wọ́n sì kun ún ní oríṣiríṣi ọ̀dà; ẹni tó mọ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ìlú Salvador ní Brazil yóò rò pé ọ̀kan nínú wọn ni. Ọ̀kan nínú wa yóò fẹ́ wò ó títí. Oòrùn yóò ti máa pa èkejì. Kí èkejì lọ jókòó lọ́dọ̀ olóúnjẹ, kó kí i ní Yorùbá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ní Yorùbá, kó sì ka owó rẹ̀ ní Faransé. Wákàtí kan tí a fi ya ara wa kì í ṣe ìjà. Òun ni yóò fún wa ní ọ̀rọ̀ sọ lálẹ́.

Ahọ́n òun eyín pàápàá ń jà. Bí tiwa bá dé, kó má dé iwájú aṣọ́bodè, ká má sì fi fóònù gbé e dé ilé.

Lọ́jọ́ Àìkú, ká tó sọdá bọ́dà, ká tú àpò náà, ká ka sẹ́fà tó ṣẹ́kù, ká pín in. Ẹni tó bá ní "fi sílẹ̀ jàre, a ṣì ń ríra" ló ń tọ́jú ọ̀rọ̀ pamọ́ de ọjọ́ ìbínú. Àwọn tó ṣírò tán lójú ara wọn ló tún lè jọ ṣètò ti Kútọnu.