Ta Ni Ó Ni Ẹran Inú Ìkòkò?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Ẹ̀kọ́ ìrànlọ́wọ́ láàárín èwe àti àgbà ni a sábà máa ń fi òwe yìí kọ́ni, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún un yẹ̀ wò lọ́nà mìíràn. Bí ìkòkò ọbẹ̀ bá wà lórí pẹpẹ, tí ọwọ́ ọmọ kò sì tó o, ohun tí àgbà bá gbé fún un nìkan ni yóò jẹ. Ìbéèrè tí ó yẹ kí á bi ara wa nìyí: kí ni ẹ̀tọ́ ọmọ nínú ohun tí ó wà lórí pẹpẹ? Ṣé ẹ̀bùn ni ẹran tí a bù fún un ni, tàbí gbèsè tí a jẹ ẹ́?

Ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá láyé àtijọ́, àti ní àwọn ilé kan títí di òní, bàbá ni ó ni ẹran tí ó tóbi jù. Ìyá a tẹ̀ lé e. Omi ọbẹ̀ àti ègé kékeré ni ti ọmọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ gbà pé ọmọ tí a bá fi ẹyin àti ẹran kẹ́ yóò di olè. Ìwà ìkà kọ́ ni ó bí ìlànà yìí. Àwọn baba wa kórìíra wọ̀bìà. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ọwọ́ ń mú. Ẹ̀kọ́ ìkóra-ẹni-níjàánu ni, kò sì yẹ kí a fi í ṣẹ̀sín. Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ọmọ ọdún méjì kò tíì lè gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Eegun, iṣan àti ọpọlọ ni ara rẹ̀ ń kọ́ lọ́wọ́, kò sì lè kọ́ wọn láìsí èròjà amáradàgbà. Àgbà tí kò rí ẹran jẹ lè rù lónìí, kí ó tún sanra lọ́la. Ọmọ tí a fi oúnjẹ gidi dù ní ọdún méjì àkọ́kọ́ ayé rẹ̀ lè má rí ohun tí ó sọnù náà gbà padà mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọmọ kan tàbí méjì. Ìwádìí ìlera tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ni gíga wọn kò tó bí ó ti yẹ. Nígbà tí a tún un ṣe ní 2023 sí 2024, iye náà ti di 40.

Ẹnìkan lè sọ pé òṣì ni ó fà á, pé àṣà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ilé tí kò ní ẹran rárá, kí ni yóò pín? Òótọ́ ni. Omi àìmọ́ àti àìsàn náà sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìtàn orúkọ kan. Ní 1933, Dókítà Cicely Williams, obìnrin tí a bí ní Jàmáíkà, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ń mú kí ara ọmọ wú, tí ń pa àwọ̀ irun rẹ̀ dà. Ní 1935 ó pè é ní orúkọ tí àwọn tí ń sọ èdè Gà ń pè é: kwashiorkor, àìsàn tí ń ṣe ọmọ tí àbúrò rẹ̀ gba ipò rẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀! Àwọn ìyá ti rí i pé ipò tí a gbà lọ́wọ́ ọmọ ni àìsàn náà ń tẹ̀ lé. Àwọn baba ńlá tiwa náà kò fọ́jú sí i. Ìdí nìyẹn tí ìyá fi ń fún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì sí mẹ́ta, tí ọkọ kì í sì í súnmọ́ ọn títí ọmọ yóò fi já lẹ́nu ọmú. Ìṣẹ̀dálẹ̀ kan náà tí ó fi ẹran du ọmọ ni ó fi ọmú gbè é. Nítorí náà, ẹni tí ó ní kí a da àṣà nù pátápátá ṣìnà, ẹni tí ó sì ní kí a má fọwọ́ kàn án rárá ṣìnà pẹ̀lú.

Oògùn ìṣòro yìí kò jìnnà sí ààrò wa. Ọ̀gì ni a fi ń já ọmọ lẹ́nu ọmú, ṣùgbọ́n bí a bá ti sẹ́ ẹ tán, díẹ̀ nínú ohun tí ó yẹ kí ó kọ́ ara ọmọ ti bá eèrí lọ, ewúrẹ́ sì ti jẹ ẹ́. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, edé tàbí ẹja wẹ́wẹ́ tí a lọ̀ kúnná sínú rẹ̀ lè dí àlàfo náà. Ohun tí àgbàdo ṣaláìní, ẹ̀wà ní in. Ohun tí ẹ̀wà ṣaláìní, àgbàdo ní in. Àwọn tí ó kọ́kọ́ se àdàlú kò ka ìwé kẹ́mísìrì, síbẹ̀ wọ́n mú àwọn méjèèjì pàdé nínú ìkòkò kan.

Ti ẹ̀wà sóyà tún yéni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1908 ni a gbìn ín wò ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn wa kò kà á sí oúnjẹ. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí ìjọba ní Òṣòdì pò ó mọ́ ọ̀gì, tí àwọn ti IITA ní Ìbàdàn sì ń kọ́ àwọn obìnrin láàárín 1980 sí 1990 bí wọn yóò ti lò ó fún mọ́ínmọ́ín, àkàrà àti irú, ni ó tó rí àyè jókòó nínú ilé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé àjèjì ni kí a lè kọ̀ ọ́. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ti òkè òkun wá. Àlejò tí ó bá mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kì í pẹ́ di onílé.

Oúnjẹ nìkan kọ́ ni a nílò. Ojú tí yóò rí àìtó náà ṣe kókó. Ní ìlú tí ọmọ púpọ̀ kúrú, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé kíkúrú náà kì í ṣe àdámọ́. Wọn yóò ní ìran wọn ni. Ní 1957, Dókítà David Morley, tí ó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, dá ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó ṣe káàdì tí a ń sàmì ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù, tí ìlà rẹ̀ yóò sì fi hàn bí ọmọ bá ń lọ sókè tàbí ó dúró sójú kan. Ọwọ́ ìyá ni káàdì náà ń gbé. Bébà lásán ni, ṣùgbọ́n ó sọ gbèsè tí a jẹ ọmọ di ohun tí ojú lè rí, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ti tẹ̀ lé àpẹẹrẹ rẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kù. Olówó pọ́ọ́kú ni a ń pe gbogbo oúnjẹ wọ̀nyí. Ta ni a kò ka iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ owó náà? Ìyá ni. Òun ni yóò rẹ ẹ̀wà, tí yóò bó o, tí yóò yan ẹ̀pà, tí yóò sì gbé e lọ sí ẹ̀rọ lẹ́yìn tí ó ti oko tàbí ọjà dé. Nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ayodín sí iyọ̀ ní 1993, kò sí ìyá tí ó rẹ̀ ju ti àná lọ nítorí rẹ̀. Olówó àti tálákà jọ ń jẹ iyọ̀ kan náà. Ohun tí ìjọba lè ṣe ní ilé-iṣẹ́, kí ó má gbé e lé ìyá lórí. Bàbá tí ó sì gbà pé òun ni òun ni ẹran, kí ó gbà pé òun ni òun ni gbèsè pẹ̀lú: owó ẹ̀rọ, owó ẹja, àti ègé tí yóò gé kúrò nínú àwo tirẹ̀.

Bí a bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìkóra-ẹni-níjàánu, ẹni tí ara rẹ̀ ti gbó tán ni kí ó kọ́kọ́ kó ara rẹ̀ níjàánu lójú ọmọ. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bí ọmọ tí ìbá bá a gbé igbá náà kò bá sì lágbára, ọ̀dọ̀ ta ni yóò fẹjọ́ sùn?