Ta Ló Ni Ọlá Òǹkọ̀wé Oko?

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ìbéèrè kan wà tó yẹ kí a jùmọ̀ yẹ̀ wò. Bí ilé ìkàwé àdúgbò kan bá pe àwọn èèyàn jọ láti yẹ́ òǹkọ̀wé tó kọ̀wé nípa ìgbé ayé oko sí, tí wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ ara ògiri, tí wọ́n sọ̀rọ̀, tí wọ́n pàtẹ́wọ́, tí kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ, ǹjẹ́ a ti san gbèsè tí a jẹ ẹ́ bí? Àbí ìgbà náà gan-an ni gbèsè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí à ń gbé láti Lẹ́kí dé Ajah ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Abúlé apẹja àti oko àgbọn ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí a kọ́lé sí yìí kí títì tó dé. Ilasan, Ikota, Ajah, Langbasa, Badore: orúkọ tí kọ̀ńdọ́ ń pè lójoojúmọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n lójú ọmọ tó ń gbọ́ ọ, ibùdókọ̀ lásán ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a fi òǹkọ̀wé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìbàdàn ni wọ́n bí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sí ní ọdún 1939. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ifẹ̀, ó sì papò dà ní ọdún 2018. Ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n nítorí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, àti nítorí Ó Le Kú tí Túndé Kèlání sọ di fíìmù ní ọdún 1997. Ṣùgbọ́n Ogún Ọmọdé, tó jáde ní ọdún 1990, ló kan ọ̀rọ̀ wa jù. Ìgbà èwe ní abúlé ló wà nínú rẹ̀: eré àwọn ọmọdé, iṣẹ́ oko, ilé ẹ̀kọ́, àti bí àgbà ṣe ń tọ́ ọmọ. Kò fi ọba ṣe kókó ìtàn náà, kò sì fi jagunjagun ṣe é. Àwọn tí ìwé ìtàn kì í sábà dárúkọ ló fún ní ohùn.

Ní oṣù Júláì ọdún 1990 yẹn kan náà, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó fi katakata wó Màrókò. Nǹkan bí 300,000 ni a ṣírò àwọn tí wọ́n di aláìnílé. Ilasan àti Ikota ni wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn lọ. Chris Abani fi Màrókò ṣe ibùdó ìtàn rẹ̀ GraceLand ní ọdún 2004, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Ẹ wo bí ó ti rí: ìwé lè pa abúlé kan mọ́ fún àwọn tí kò dé ibẹ̀ rí, katakata sì lè pa ìlú odidi rẹ́ ní ọjọ́ díẹ̀. Ibi tí kò bá sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, bí àwọn tó gbé ibẹ̀ bá ti kú tán, ó parí nìyẹn.

Nítorí náà, èmi kò gbà pé òǹkọ̀wé nìkan ló ni ọlá yìí. Àgbẹ̀, apẹja àti ìyá tó ń yan ẹja létí ọ̀sà ní ìpín nínú rẹ̀, nítorí pé ayé wọn ló yá wa wò. Ẹni tó bá ń pàtẹ́wọ́ fún ìwé, tó wá délé tó ń fi "ará oko" bú ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ẹnu rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe déédéé. Ẹ̀sìn wa sì kọ́ wa pé ọpẹ́ Ọlọ́hun kò pé lẹ́nu ẹni tí kò mọ oore ènìyàn.

Àwọn kan yóò sọ pé ìyà ni oko, pé kí ló dé tí a ó fi máa yin ohun tí àwọn bàbá wa sá kúrò nínú rẹ̀? Òótọ́ wà níbẹ̀. Omi jìnnà, oògùn ṣọ̀wọ́n, ọmọ ń kú. Ṣùgbọ́n bíbu ọlá fún èèyàn kò ní kí a padà sínú ìyà rẹ̀. Ohun tó ní ni pé kí a má ṣe fi ìyà náà sọ ọ́ di ẹni yẹpẹrẹ.

Àwọn òbí mìíràn sì ń bẹ̀rù pé eégún àti òrìṣà wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Síbẹ̀, mímọ nǹkan yàtọ̀ sí sísin ín. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jókòó tì, tó ń kà, tó ń béèrè, tí bàbá sì ń dá a lóhùn, yóò mọ ibi tí ẹ̀sìn rẹ̀ dúró ju ọmọ tí a kàn já ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ.

Ohun kan ṣì kù: àsìkò. Ní Amẹ́ríkà, Zora Neale Hurston kọ ìtàn àwọn èèyàn dúdú ìgbèríko Fulọ́rídà. Ó kú nínú àìní ní ọdún 1960, ní ìlú Fort Pierce, kò sì sí òkúta lórí sàréè rẹ̀ títí Alice Walker fi fi ọ̀kan sí i ní ọdún 1973. Lónìí, ilé ìkàwé kan ní ìlú náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n òkú kì í ka orúkọ ara rẹ̀ lára ògiri.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ilé ìkàwé bá pè yín sí irú ayẹyẹ yìí, ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé náà kí ẹ tó lọ, ẹ sì mú bàbá arúgbó kan tó mọ àdúgbò yín kí títì tó dé dání. Ẹ bi í léèrè orúkọ ẹja, orúkọ odò, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, ibi tí wọ́n sin àwọn baba wọn sí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí ẹ fún ilé ìkàwé ní ẹ̀dà kan. Nígbà náà ni gbèsè tí a jẹ òǹkọ̀wé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, tí ti apẹja náà yóò sì dínkù pẹ̀lú.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí a jẹ́ ẹni tí ń gbé inú ilé tí kò mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Àmín.