Oyún Tí A Ò Pète: Ta Ló Ni Owó Rẹ̀?



Tọkọtaya kan wá dá'fá lọ́dọ̀ mi. Oyún àkọ́kọ́ ni, wọn ò sì pète rẹ̀. Ọkọ ń gun ọ̀kadà, ìyàwó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Wọ́n ní: "Bàbá, owó ò tó nǹkan. Ṣé ká fi rúbọ ni, àbí ká fi forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù?"

Ẹ rántí Ọ̀ṣẹ́ Túrá. Àwọn Irúnmọlẹ̀ yọ Ọ̀ṣun sílẹ̀, iṣẹ́ wọn bá dàrú. Ìgbà tí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́, oyún ti wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn ló fi àṣẹ ti oyún kan ṣoṣo náà lẹ́yìn. Ọmọ yẹn ló di ẹni tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé oyún kì í ṣe gbèsè obìnrin nìkan. Gbogbo ilé ló ni ín. Owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà, ẹbọ ni.

Mo ní obì àti omi tútù ti tó fún Orí. Kí wọ́n tètè lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àdúgbò kí oṣù mẹ́ta tó pé. Kí wọ́n béèrè ètò adójútòfò ìlera. Òfin ọdún 2022 ka aláboyún mọ́ àwọn tó yẹ kí ìjọba ràn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí aṣọ ẹbí ìsọmọlórúkọ dúró ná. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí ọmọ àti ìyá rẹ̀.