Ọ̀ṣọ́ Inú Ìwé Pípadé

Ta ni a ń ṣe ọ̀ṣọ́ fún? Ìdáhùn tí ó yá lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ojú ni ó ni ọ̀ṣọ́. A ń kun ilé kí àlejò lè yà wò ó, a ń dá aṣọ ẹbí kí agbo lè dán. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ohun tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ tán tí a sì fi pamọ́, iṣẹ́ òfo ni. Ohun kékeré kan ni ó mú wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí: pélébé páálí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń fi tàdáwà aláràbarà ya àwòrán sí, tí a ń fi há àárín ìwé kí a lè mọ ibi tí a kà dé. Èdè Faransé ń pè é ní signet tàbí marque-page. Àmì-ìwé ni àwa yóò máa pè é níhìn-ín.

Ọjà Arzèkè ní Parakou ni a ti ń rí ohun èlò rẹ̀. (Orúkọ ọjà náà, ọ̀rọ̀ Hausa tí ó túmọ̀ sí ọrọ̀ àti oríire ni; òun náà ni àwa Yorùbá ń pè ní arísìkí.) Àwọn tí ń tẹ káàdì ìgbéyàwó a máa gé etí páálí dànù, èyí ni àwọn ọmọ ń ṣà. Àwọ̀ pupa ń wá láti ara ewé tí ó wé mọ́ pòròpórò ọkà bàbà, èyí tí àwọn ìyá oníwàrà fi ń pa wàgáṣì láró. Bí a bá sè é pẹ̀lú káún díẹ̀, omi rẹ̀ a pọ́n dòdò. Àtalẹ̀ pupa ni ó ń fún wa ní àwọ̀ ìyeyè. Èédú tí a lọ̀ kúnná, tí a fi oje igi pò kí ó lè lẹ̀ mọ́ páálí, ni dúdú. Aró ẹlú nìkan ni kò gbọ́ràn sí wa lẹ́nu, nítorí kì í yòrò nínú omi lásán. A fi í sílẹ̀ fún àwọn aláró.

Nígbà tí àwọn ọmọ kó díẹ̀ lọ bá ìyá kan tí ń ta ìwé àlòkù nínú ọjà náà pé kí ó bá wọn tà á ní 100 fáráǹkì ẹyọ kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó yìn ín, ó sì bi wọ́n pé: “Ẹ̀yin ọmọ mi, bí a bá ti pa ìwé dé, ta ni yóò rí i?” Ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé: “Màmá, ẹni tí ó bá ṣí i ni.” Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sì gba mẹ́wàá lọ́wọ́ wọn.

Ìbéèrè ìyá náà tọ́. Bí ó bá jẹ́ ti ìwúlò nìkan ni, etí páálí lásán ti tó. A mọ ìdí tí kò fi yẹ kí a ká etí ojú-ìwé: ní kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ń ka ìwé kan, tí ìwé náà yóò sì tún padà sí orí àtẹ ní Arzèkè, etí tí ẹnì kan ká, ìwé ẹlòmíràn ni ó ká. Ṣùgbọ́n èyí fi hàn pé a nílò àmì ni, kò fi hàn pé ó yẹ kí a ṣe àmì náà lọ́ṣọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Yorùbá ní ìdí ọmọ ẹni kì í burú kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe náà kò béèrè ẹni tí yóò rí ìlẹ̀kẹ̀ náà. Abẹ́ aṣọ ni ó ń gbé, síbẹ̀ ìyá a máa yan àwọ̀ rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, a sì máa tún un sín bí okùn bá já. Ẹni tí ó ní kò sí ọ̀ṣọ́ níbi tí kò sí òǹwòran yóò ṣàlàyé èyí fún wa.

Àpẹẹrẹ kejì sún mọ́ ìwé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn oníṣòwò Wangara ni ó mú ẹ̀sìn Ìsìláàmù wọ ilẹ̀ Borgu, ìwé àfọwọ́kọ sì bá ẹ̀sìn náà rìn. Nínú àwọn Àlùkùránì àfọwọ́kọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tàdáwà dúdú ni a fi ń kọ lẹ́tà, pupa ni ti àmì fáwẹ̀lì, àwọ̀ ìyeyè sì ń kán sí ibi tí hámúsà wà. A kì í sábà rán ewé wọn pọ̀. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wà láàárín èèpo awọ, tí a ó sì kì wọ́n bọ àpò awọ. Àlùkùránì pín sí hísíbù 60. Níbi tí ìpín kan bá ti bẹ̀rẹ̀, akọ̀wé a máa ya òbìrí tàbí àpótí onígun mẹ́rin aláwọ̀ sí etí ewé. Àmì ni, ọ̀ṣọ́ sì ni; bẹ́ẹ̀ ni inú àpò awọ ni ó ń sùn. Ọ̀ṣọ́ yẹn kò wá ìyìn èrò ọjà. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń dúró dè, ẹni tí ó jókòó tí ó sì ṣí ìwé, ó sì ń sọ fún un pé ibi tí ó ń wá nìyí. Lójú tiwa, irú ọ̀ṣọ́ kan wà tí ń sọ pé “ẹ wò mí”. Irú kejì ń sọ pé “ẹ káàbọ̀”. Ìdí kejì yìí ni àmì-ìwé wà.

Àwọn òbí kan sọ fún wa pé ìrọ̀lẹ́ tí ọmọ fi ya àwòrán, ìrọ̀lẹ́ tí kò fi kàwé ni. A kò fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. A rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ya ogún àmì-ìwé láìka ìwé kan tán, àwòrán lásán sì ni tirẹ̀, bí ó ti wù kí ó dára tó. A tún rí èyí tí a fi tàdáwà tí kò gbẹ kùn, tí ó sì fi àbàwọ́n sí ojú-ìwé méjì: ọ̀ṣọ́ tí ń ba ilé tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà a kì í wo ẹwà àmì kí a tó béèrè ìwé tí ó wà nínú rẹ̀ àti ibi tí a kà dé.

Ó tún ku ohun kan tí àtalẹ̀ pupa kọ́ wa. Àwọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ nínú oòrùn: àwọn tí a tò sí ojú fèrèsé kíláàsì kí àlejò lè rí wọn ti ṣá. Àwọn tí ó wà nínú ìwé pípadé ṣì ń tàn bí ọjọ́ tí a yà wọ́n, nítorí òkùnkùn tí a rò pé ó sọ wọ́n di òfo ni ó pa wọ́n mọ́.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ mìíràn ti dá kíláàsì sí méjì: ṣé ó yẹ kí ẹni tí ó ya àmì-ìwé kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i? Àwọn kan ní ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ni ó ni orúkọ. Àwọn yòókù ní bí ìwé bá jẹ́ ti gbogbo wa, orúkọ ẹni tí yóò ṣí i lẹ́yìn wa ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, a kò sì tíì mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti fi àyè òfìfo kékeré sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àwọn tuntun.