Ṣé Irọ́ Ni Agbẹ́gilére Ń Pa?

Òpó kan wà tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì láàrin ọdún 1910 sí 1914. Ọba jókòó lórí ìtẹ́, adé ńlá wà lórí rẹ̀, ẹyẹ sì bà sórí adé. Olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ìtẹ́. Obìnrin yìí tóbi ju ọba lọ fíìfíì. Àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ ọba, ìyàwó kékeré kan àti Èṣù tó ń fun fèrè, wọn kò ju ọmọ ọwọ́ lọ.

Mo ti fi àwòrán òpó yìí han ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀kan nínú wọn là á mọ́lẹ̀ fún mi pé, "Ọ̀gá, irọ́ ni. Ta ló rí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ rí?" Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Bí ẹnì kan bá gbẹ́ ohun tí ojú kò rí, kí ni ìyàtọ̀ òun àti elékèé?

Èmi rò pé ẹni tó gbé téèpù lọ wọn olorì yẹn ń wọn ohun tí kò sí lọ́jà. Olorì àgbà ló ń gbé adé lé ọba lórí lọ́jọ́ ìwúyè. Ohun tí ọba jẹ ẹ́ ni Ọlọ́wẹ̀ fi títóbi rẹ̀ sọ. Orí náà ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ ère wa, orí máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́rin gíga ara, bẹ́ẹ̀ ti ènìyàn gidi kò ju bí ìdá kan nínú méje lọ. Ṣé agbẹ́gilére kò mọ̀ ni? Ó kúkú ní orí lọ́rùn tirẹ̀! Nígbà tí Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ń bi àwọn èèyàn wa léèrè ohun tó ń mú ère dára, jíjọra wà lára ohun tí wọ́n kà fún un: kí ère jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kó má jọ ọ́ jù.

Ẹ má sì sọ fún mi pé fọ́tò kì í purọ́. Ta ló ní kí bàbá jókòó sáàrin, kí ọmọ ọ̀dọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí wọ́n ti lè gé e kúrò?

Níbi tó le nìyí o. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin kan náà. Ọba jókòó gbọin lápá kan. Lápá kejì, wọ́n ń gbé òyìnbó aṣojú ìjọba bọ̀, ó ká kúńkún sínú ohun tí wọ́n fi gbé e. Bẹ́ẹ̀ òyìnbó ló ní àṣẹ nígbà náà. Àbí Ọlọ́wẹ̀ ń pọ́n ẹni tó gbéṣẹ́ fún un ni? Ó ṣeé ṣe. N kò ní bá a jiyàn pátápátá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ló gbẹ́ ọba kéré sí ìyàwó rẹ̀, tí ọba sì gbà á, tó gbé e sójú ààfin. Onípọ́nni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó bá fẹ́ kí a ya òun tóbi ju gbogbo ayé lọ, tí ayàwòrán sì ṣe é nítorí owó, ìyẹn ni mo ń pè ní irọ́, bí gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ tilẹ̀ pé.

Ilẹ̀kùn ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1924. Wọ́n fi ìtẹ́ kan dípò rẹ̀ fún Ògògà. Òpó dé ilé ọnà ìlú Chicago ní 1984. Ara olorì ló gùn dé òkè òpó náà, kì í ṣe ara ọba. Ní Ìkẹ́rẹ́, òun ni ẹrù òrùlé ń wọ̀ sí lórí. Ní Chicago, kò sí òrùlé kankan tó ń gbé.