Ta Ló Rí I?

Ní ìlú Òsì wa ní Kwara lọ́dún 1996, ẹni tó bá ní rédíò tó ń gbé BBC ketekete, ilé rẹ̀ kì í ṣófo lálẹ́. Bàbá kan ládùúgbò wa ló ní ọ̀kan. Bí bátìrì bá ti kú, wọn a sá a sórí páànù kí oòrùn lè jí i díẹ̀, wọn a tún fi rọ́bà dè é mọ́ ẹ̀yìn rédíò nítorí ọmọrí ibẹ̀ ti sọnù. Ìdí rédíò yìí la wà nígbà tí ìròyìn dé pé lọ́jọ́ 14 oṣù Bélú, bọ́ǹbù bú ní pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed n'Ìkẹjà, pé ó sì pa Dókítà Ṣọlá Omatsola, olórí ẹ̀ṣọ́ aláàbò pápákọ̀ náà.

Kí oníròyìn tó mí, èmi ti dájọ́. "Abacha ló ṣe é!" Ọ̀rẹ́ mi kan tó ní ẹbí nínú iṣẹ́ ológun ní irọ́ ni, pé àwọn NADECO, ẹgbẹ́ tó ń ta ko ìjọba ológun Abacha, ni. Ó kù díẹ̀ ká wọ̀yá ìjà. Bàbá yí ohùn rédíò wálẹ̀, wọ́n wò wá láti òkè délẹ̀.

"Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló rí i?"

Inú mi ò dùn sí ìbéèrè yẹn. Ojú ojo ni mo fi wo Bàbá lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi mí. Ti Ìlọrin kò tíì pé ọdún méjì nígbà náà. Lọ́jọ́ 31 oṣù Èbìbí 1995, bọ́ǹbù bú ní pápá ìṣeré Ìlọrin níbi ìfilọ́lẹ̀ ètò Family Support. Eruku rẹ̀ kò tíì wálẹ̀ tí wọ́n fi gbé Olóyè Cornelius Adébáyọ̀, gómìnà Kwara nígbà kan rí, ọmọ Ìgbàjà, ẹni tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa tẹ̀ka fún lọ́dún 1983. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? NADECO ni. Nígbà tó yá, ó sá lọ sí Kánádà. Kò sí ilé ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi títí dòní, ọkùnrin náà sì padà wá ṣe mínísítà lábẹ́ Ààrẹ Ọbásanjọ́.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1996, lọ́sẹ̀ tí bàálù já tó pa Ibrahim, ọmọ Abacha, bọ́ǹbù bú ní òtẹ́ẹ̀lì Durbar ní Kaduna, òmíràn tún bú ní pápákọ̀ òfuurufú Kano. Ti Kaduna yìí ló dùn mí jù nígbà tí mo gbọ́ ìparí rẹ̀. Lọ́dún 1998, àwọn ọlọ́pàá jáde wá sọ pé Bagauda Kaltho, oníròyìn ìwé ìròyìn The News tí wọ́n ti ń wá tipẹ́, ló gbé bọ́ǹbù náà, òun náà ló sì pa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn ò gbà, pé ọwọ́ àwọn agbófinró ló há sí. Òkú ni wọ́n ń bá ṣẹjọ́, ta ni yóò bá a fèsì?

Ká padà sí Ìkẹjà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ikú Omatsola tí wọ́n ju Dókítà Frederick Fáṣeun, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta ko Abacha, sí àtìmọ́lé. Nígbà tí ọdún yí, wọ́n wá mú Olóyè Olú Fálaè ti NADECO. Kò sí ilé ẹjọ́ tó dá wọn lẹ́bi. Àtìmọ́lé ni wọ́n wà títí Abacha fi kú. Lọ́jọ́ 12 oṣù Ẹrẹ́nà 1997, ìjọba fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Wọlé Ṣóyínká àtàwọn mìíràn lórí àwọn bọ́ǹbù wọ̀nyí. Ẹ̀sùn tí ikú wà nídìí rẹ̀ ni. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Ṣóyínká ti wà lẹ́yìn odi.

Lọ́jọ́ 13 oṣù Ọ̀pẹ ọdún yẹn, òmíràn bú ní pápákọ̀ Àbújá. Ẹ̀rù bà wá lọ́tẹ̀ yìí, torí Ọ̀gágun Ọládipọ̀ Díyà, igbákejì Abacha fúnra rẹ̀, ló fẹ́ wọ bàálù. Ó yè é. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un pé ó fẹ́ gbàjọba, wọ́n sì dájọ́ ikú fún un lọ́dún 1998. Ikú Abacha ló gbà á sílẹ̀. Mo la ẹnu láti sọ ẹni tó gbé bọ́ǹbù Àbújá, Bàbá kàn wò mí. Mo pa á dé.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní New York lọ́jọ́ 29 oṣù Ọ̀pẹ 1975, bọ́ǹbù bú níbi tí èrò ti ń gba ẹrù ní pápákọ̀ LaGuardia, èèyàn 11 kú. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ Amẹ́ríkà, wọn ò tíì rí ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi.

Lọ́jọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà 1998, Ṣóyínká padà wálé. Ìjọba tuntun ti fa ẹ̀sùn náà ya, pápákọ̀ Ìkẹjà yẹn gan-an ni bàálù rẹ̀ balẹ̀ sí, èrò rọ́ lọ pàdé rẹ̀. Ìdí rédíò Bàbá la tún wà. Mo fò sókè, mo ń nawọ́ sí ọ̀rẹ́ mi: "Mo sọ fún ọ! Mo sọ fún ọ!"

Bàbá ń yí bátìrì po lọ́wọ́ kí rédíò má baà kú mọ́ wa lójú.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Omatsola ńkọ́? Wọ́n ti rí ẹni tó pa á?"

Mo dẹ etí sí rédíò. Oníròyìn ti bọ́ sórí bọ́ọ̀lù.